Ohùn Tó Kù Sínú Kọ̀ǹpútà Oke-Aro

Títí dòní, inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé òun fẹ́ sọ nǹkan dọ̀tun. Kì í ṣe pé mo kórìíra ohun tuntun o. Bàtà tuntun dára, òrùlé tuntun dára. Àwọn tó máa ń kó ti àtijọ́ dànù kí wọ́n tó yẹ inú rẹ̀ wò ni n kò lè fara dà. Ọ̀kan nínú wọn ló gbà mí síṣẹ́ ní Mowe nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Ìkìrun, mo sì bá a ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Sítúdíò ìgbohùnsílẹ̀ ni ọ̀gá mi ní. Yàrá méjì ni, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí òpópónà márosẹ̀ ní Lotto. A fi tìmùtìmù àti páálí ẹyin bo ara ògiri kí ariwo ọkọ̀ má baà wọlé, síbẹ̀ bí tírélà bá tẹ fèrè, ó máa ń wọ inú orin. Èmi ni mò ń gba ohùn sílẹ̀, èmi ni mò ń tò ó, èmi náà ni mò ń tún un ṣe. Bí àwọn oníbàárà bá wọlé, wọ́n á kí mi, wọ́n á jókòó, wọ́n á wá béèrè pé, "Aunty, injiníà ń kọ́?" Màá ní injiníà ń bọ̀, màá jáde síta, màá sì tún padà wọlé. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò bá rẹ́rìn-ín, n kì í fún wọn lómi mu.

Díákónì ni ọ̀gá mi nínú ìjọ kan tí kò jìnnà sí sítúdíò. Ó fẹ́ràn orin dọ́kàn, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó gbà pé inú fáìlì ni orin ń gbé bí ìrẹsì ṣe ń gbé inú àpò, pé bí èèyàn bá ti gbé àpò, ó ti gbé ìrẹsì. Mo ṣàlàyé fún un títí ó fi sú mi. Mo ní, "Sà, sọ́fítíwíà tí a fi ń gba orin yìí, ilé ni. Àwọn plọ́gìn tó ń tún ohùn ṣe, ayálégbé inú rẹ̀ ni wọ́n, wọn ò lè dá dúró níta." Bí wọ́n bá wó ilé yẹn, tí wọ́n kọ́ òmíràn, tí wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́, ayálégbé tó jáde láàárọ̀ kò ní ríbi wọlé nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà tuntun sọ́fítíwíà ṣe máa ń ṣe plọ́gìn àtijọ́. Kò ní bá ọ jà, kò ní pariwo. Á kàn kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé òun ò rí i, á sì máa bá orin lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Tiwa tún burú jù, nítorí pé ayédèrú ni gbogbo plọ́gìn tí a ní. Orí tábìlì àwọn tó ń ta CD l'Ékòó ni ọ̀gá mi ti máa ń rà wọ́n. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, a ò lè kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é kí wọ́n gbà wá. Olè ni wá lójú wọn, òótọ́ sì ni.

Nítorí ìyẹn ni mo fi ní òfin kan tí mò ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́. Kí a tó pààrọ̀ ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà, kí á kọ́kọ́ tẹ ohùn kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe tó wà lára rẹ̀, kó di ohùn lásán tí kò nílò plọ́gìn kankan mọ́. Irú ohùn bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí kò ní gbà á. Ọ̀gá mi máa ń mi orí sí òfin yìí bí ẹni tó ń gbọ́ ìkéde ní gáráàjì, ìyẹn ìkéde ọkọ̀ tí òun ò ní wọ̀.

Obìnrin kan wà ní Ibafo tó ń ránṣọ, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti ń kọrin nínú ìjọ ọ̀gá mi tipẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ tó yọ sí i lọ́rùn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ìjọ yẹn, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mò ń wá ẹni tí yóò fún mi níṣẹ́, n kò sì tíì jẹun láti àná. Màmá gbé orin. Mo gbàgbé pé ebi ń pa mí. Ohùn rẹ̀ máa ń gòkè láìlàágùn, ó máa ń dúró níbẹ̀ bó bá ti wù ú, á wá sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Gẹ̀gẹ̀ náà dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́rùn. Dókítà sọ pé àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ó sì kìlọ̀ fún un pé ohùn rẹ̀ lè má rí bákan náà mọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ tán. Ìdí nìyẹn tó fi wá sí sítúdíò wa. Orin kan wà tí òun fúnra rẹ̀ kọ, orin ọpẹ́ tó kọ nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fi í ṣẹ̀sín pé kò ní bímọ. Kò sí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un rí.

Ó sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa jí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Tí mi ò bá lè kọrin mọ́, kí àwọn ọmọ mi ṣáà ní ibi tí wọ́n ti lè gbọ́ mi, bí mo ṣe wà."

Bí mo ṣe wà. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Àmọ́ ó ti pẹ́ kó tó wá. Lọ́jọ́ tó kọrin, àárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ti ń mí. Níbi tó yẹ kí ohùn gòkè, ó ń jábọ́. Ó mọ̀, ó ń fi ọwọ́ pa itan rẹ̀ nínú yàrá ìkọrin bí ẹni tó ń bẹ ara rẹ̀. Mo gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo kí i kú iṣẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Plọ́gìn kan wà nígbà yẹn tó máa ń ya ohùn sójú kọ̀ǹpútà bí ìlà, ìlà tó ń gòkè, tó ń sọ̀. Èèyàn lè fi máòsì di ìlà náà mú kó gbé e sókè díẹ̀. Bí ọwọ́ bá wúwo, ohùn á di ti rọ́bọ́ọ̀tì. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Láràárọ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé, mo ń fa ìlà ohùn Màmá, sílébù kan tẹ̀ lé òmíràn, fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Ohùn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ tí ebi ń pa mí ni mò ń wá. Nígbà tí mo rí i, mo mọ̀ ọ́n, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Màmá wá gbọ́ ọ. Mo fi héédífóònù sí i létí, ó di ẹnu rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ohùn mi rèé o. Ohùn mi rèé, Olúwa mi."

N kò sọ fún un pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Òun náà tó ń ránṣọ, kì í yí inú aṣọ síta fún oníbàárà kó tó ní kó wọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ tẹ orin náà sí CD fún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi kọ̀ jálẹ̀. Àwọn agberin kò tíì wá kọ tiwọn, ó sì ní òfin sítúdíò òun ni pé orin tí kò bá tíì parí kò gbọdọ̀ jáde, nítorí pé àwọn oníbàárà kan ti gbé iṣẹ́ wa lọ parí sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn rí. Òfin tèmi kò nítumọ̀ lójú rẹ̀, tirẹ̀ dà bí òfin ìjọba. Màmá ní kò burú, pé òun yóò wá gbà á tí òun bá ti jí. Oṣù Kejìlá ló wọ ilé ìwòsàn.

Ọdún yí po. Wọ́n kéde nínú ìjọ pé ọdún àkọ̀tun ni ọdún náà, wọ́n kọ ọ́ sára bánà ńlá, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ẹnu géètì. Ẹni tí kò bá gbé àdúgbò wa nígbà náà kò lè mọ ohun tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń dá sílẹ̀. Àwọn èèyàn kun ilé, wọ́n pààrọ̀ fóònù tí kò tíì ṣe nǹkan kan. Obìnrin kan kó gbogbo ìkòkò rẹ̀ fún aládùúgbò, ó sì ń yá ìkòkò sè títí di oṣù Kẹta. Wọ́n gbà pé bí èèyàn bá fẹ́ kí tuntun wọlé, ó gbọ́dọ̀ fi ti àtijọ́ ṣe irúgbìn, kó gbé e fún ẹlòmíràn tayọ̀tayọ̀, kó má sì bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá mi wo ilé rẹ̀ yí ká, ó wo ọkọ̀ rẹ̀, kò rí èyí tó fẹ́ yọ̀ǹda nínú wọn. Kọ̀ǹpútà sítúdíò ló rí.

Ìkìrun ni mo wà, mo lọ kí àwọn òbí mi. Ìgbà tí mo padà dé, kọ̀ǹpútà mìíràn ló wà lórí tábìlì mi, tó ń dán gbinrin, tí wọ́n ti fi òróró àdúrà kàn lórí. Òróró náà ti ṣàn dé ara bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án.

Mo kúnlẹ̀, mo kí ọ̀gá mi kú ọdún. Lẹ́yìn náà mo béèrè pé, "Sà, kọ̀ǹpútà wa ń kọ́?"

"Mo ti fi ṣe seed," ó dá mi lóhùn, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Branch wa ní Oke-Aro ló gbà á. Version tuntun ni a wà báyìí! Kò sí old thing kankan níbí mọ́."

"Ṣé ẹ tẹ àwọn ohùn jáde kí ẹ tó gbé e lọ, sà?"

"Kí ni mo fẹ́ tẹ̀ jáde? Mo ti copy gbogbo orin. Wọ́n wà níbẹ̀ yẹn. Ọmọbìnrin yìí, o máa ń bẹ̀rù jù."

Mo jókòó, mo ṣí orin Màmá. Ìkìlọ̀ kékeré kan jáde sójú kọ̀ǹpútà, ó ní òun ò rí plọ́gìn kan báyìí, ṣé kí òun máa bá iṣẹ́ lọ? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí kò sí èsì mìíràn tí mo lè fún un. Orin bẹ̀rẹ̀. Dùùrù jáde bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọlé, ohùn ọjọ́ tó rẹ̀ ẹ́ yẹn, tó ń mí láàárín ọ̀rọ̀, tó ń jábọ́ níbi tó yẹ kó gòkè. Gbogbo ìlà tí mo fà ti lọ. Inú plọ́gìn yẹn ni wọ́n ń gbé, plọ́gìn sì wà ní Oke-Aro.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní kí Màmá wá tún un kọ tí ara rẹ̀ bá yá. Mo ní bí kò bá lè kọrin mọ́ ńkọ́? Ó ní kí n má fi ẹnu mi pe ibi wọlé lọ́dún àkọ̀tun. Ó lọ sí Èkó, ó sì ra plọ́gìn mìíràn tí wọ́n ní ó bá ẹ̀yà tuntun mu. Mo dán an wò. Ó sọ Màmá di rọ́bọ́ọ̀tì tó ní òtútù. Mo yọ ọ́ kúrò, mo jáde síta, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Bí mo bá dúró sínú yàrá yẹn, ohun tí màá sọ fún un kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ̀gá.

Màmá dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó so gèlè kékeré mọ́ ọrùn kí àpá má baà hàn. Ó kí wa, ẹ̀rù sì bà mí. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ páànù nílẹ̀ símẹ́ńtì. Dókítà ti sọ òótọ́.

Mo fẹ́ fà á sẹ́yìn, mo fẹ́ sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá mi ti tẹ orin síta nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ kó gbọ́ bí ẹ̀rọ tuntun òun ṣe ń ró. Màmá gbọ́ ẹsẹ àkọ́kọ́. Ó yí ojú sí mi.

"Ta nìyẹn?"

Mo pa orin náà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Mo ní òun ni, òun lọ́jọ́ tó wá yẹn, pé ẹ̀rọ ni mo fi gbé ohùn rẹ̀ dìde kó tó gbọ́ ọ, àti pé ẹ̀rọ yẹn kò sí níbí mọ́. Kò bú mi. Ó tún gèlè ọrùn rẹ̀ so, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì jáde bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ padà wá lọ́la.

Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ṣó o mọ̀ pé mo gbádùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀? Òróró wà nínú ẹ̀. Ó raw. Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde bó ṣe wà."

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ burúkú láyé mi. N kò tíì gbọ́ èyí tó bí mi nínú tó ìyẹn. Obìnrin kan sọ fún wa pé ká bá òun pa ohùn òun mọ́. A gbé e sọnù, a wá ń sọ pé ohun tó kù dùn jù.

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ sí Oke-Aro. Ó fò dìde. "Ta ló ń gba seed padà? Ṣé o fẹ́ kí nǹkan mi dàrú ni?" Mo ní n kò fẹ́ gba kọ̀ǹpútà, mo kàn fẹ́ tẹ ohùn jáde nínú rẹ̀. Ó ní kò sí ìyàtọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo di fáìlì orin náà sínú CD kan, mo ra òfìfo méjì mọ́ ọn, n kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Láti Lotto mo wọkọ̀ dé Berger, mo tún wọ ti Akute, ọ̀kadà ló wá gbé mi dé Oke-Aro láàárín eruku pupa àti àwọn ilé tí wọn ò tíì rẹ́. Ìjọ náà kò le láti rí. Pásítọ̀ ibẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to àga, mú mi wọ yàrá kékeré kan lẹ́yìn pẹpẹ. Kọ̀ǹpútà mi ló wà nílẹ̀ yẹn, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó mọ́lẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ dì mọ́ ọn.

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Pásítọ̀ ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tẹ́ ẹ wá lónìí. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday ni ẹni tó máa bá wa format ẹ̀, tó máa pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́, ń bọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ format ẹ̀, sà?"

"Wọ́n ní wọ́n ti fi gba orin ayé sílẹ̀ nínú sítúdíò yín. A fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó wọ ilé Ọlọ́run. Ìdí nìyẹn tá a fi daṣọ bò ó."

Òótọ́ ni, àwọn ọmọ Ibafo tó ń kọ rápù máa ń wá sọ́dọ̀ wa. Mo ní kò burú, kó fọ̀ ọ́ títí di ọ̀la, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohùn Màmá jáde. Ó ronú. Ó ní ìṣòro kan wà. Bí wọ́n bá mú nǹkan jáde nínú irúgbìn, ṣé irúgbìn náà ṣì pé? Ó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbìn ín. Ó pe ọ̀gá mi lórí fóònù níwájú mi. Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá mi ketekete, ó ní, "Mi ò rán an o, Pásítọ̀. Mi ò bojú wẹ̀yìn o. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án."

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi nìkan ló kúnlẹ̀ o, ẹnu mi ò kúnlẹ̀.

"Pásítọ̀ sà, ẹ foríjì mí. Orin ọpẹ́ ló wà nínú ẹ̀rọ yìí. Obìnrin tó kọ ọ́ ò lè kọrin mọ́ láyé yìí, wọ́n ti la ọ̀fun ẹ̀. Ọ̀gá mi mọ̀, ó sì ń sọ fún yín pé kí n má fọwọ́ kàn án, torí pé ó ń bẹ̀rù kí ìbùkún ẹ̀ má sá lọ. Tó bá di Sunday, kì í ṣe orin ayé nìkan lẹ máa fọ̀ dànù. Ọpẹ́ obìnrin yẹn lẹ máa fọ̀ dànù pẹ̀lú ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi báwo ni mo ṣe máa sọ ìyẹn fún un."

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó wo aṣọ funfun yẹn, ó wá ká a kúrò díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ orin náà," ló sọ.

Kò sí iná, a tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn. Ó tún ní ká gbàdúrà ná. Ó gbàdúrà pẹ́, ó gbàdúrà fún ẹ̀rọ, ó gbàdúrà fún ọ̀fun Màmá, ó gbàdúrà fún ọ̀gá mi pàápàá, epo sì ń tán lọ níta. Mo ń ṣe àmín, mo ń fi eyín jẹ ètè mi.

Kọ̀ǹpútà náà tàn bó ṣe máa ń tàn, wúyẹ́wúyẹ́, bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní. Mo ṣí orin. Kò sí ìkìlọ̀ kankan tó jáde. Mo ṣí plọ́gìn, àwọn ìlà mi sì wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe omijé ayọ̀, ẹ má tan ara yín jẹ. Inú ló ń bí mi. Nǹkan tó rọrùn báyìí, nǹkan tí èèyàn lè ṣe kó tó jẹun òwúrọ̀ tán, la sọ di ìrìn àjò àti ìkúnlẹ̀.

Pásítọ̀ gbọ́ ọ dópin. Kò sọ̀rọ̀ òróró, kò sọ̀rọ̀ irúgbìn. Ó ní, "Ẹ mú un máa lọ, ọmọ mi. Kọ̀ǹpútà ò ní kúrò níbí ṣá o." Mo ní kó di kọ̀ǹpútà rẹ̀ mú dáadáa. Mo tẹ ohùn náà jáde pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe ara rẹ̀, ó di ohùn lásán, mo pa á pọ̀ mọ́ dùùrù. Mo tẹ̀ ẹ́ sí CD kan, mo tún tẹ òmíràn, nítorí n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá ní Ibafo. Ta ni mo bá níbẹ̀? Ọ̀gá mi. Pásítọ̀ Oke-Aro ti pè é, ó ti sọ fún un bí orin náà ṣe wọ òun lára. Ó jókòó lórí àga oníbàárà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún Màmá bí Ọlọ́run ṣe lo òun.

"Tí mi ò bá fi ẹ̀rọ yẹn ṣe seed ni, Màmá, ó lè ti bàjẹ́ sí wa lọ́wọ́. Ọlọ́run ló fi pamọ́ sí Oke-Aro."

N kò kí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo wọlé tí n kò kúnlẹ̀ fún un, mo sì rí i pé ó ṣàkíyèsí. Ẹ̀rọ CD kan wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òwú. Mo fi CD sí i, mo tẹ̀ ẹ́.

Màmá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohùn náà jáde, ó gòkè láìlàágùn, ó dúró níbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn obìnrin méjì tó wá gba aṣọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò wọlé, wọn ò sì lọ. Nígbà tí orin parí, ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ó dáa, ó dáa," ló wí. "Àmọ́ Màmá, kí n sọ òótọ́, mo ṣì fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ yẹn. Ti àkọ́kọ́ yẹn gan-an lẹ̀yin. Ẹ̀rọ wà nínú èyí, ọmọbìnrin yìí náà ti sọ fún yín. Ti àkọ́kọ́ ló yẹ ká gbé jáde."

Mo la ẹnu. Gbogbo ohun tí mo ti kó jọ sínú láti oṣù Kìíní ti dé ahọ́n mi. Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó dá mi dúró. Ó tú gèlè ọrùn rẹ̀, ó gbé e lé orí aṣọ tó ń rán, àpá náà sì hàn síta, ó pọ́n, ó gùn. Ó fi ohùn tó kù fún un dáhùn, díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀.

"Díákónì sà. Àìsàn ló kọ ti àkọ́kọ́ yẹn. Èmi ni mo kọ èyí."

Ó yí sí mi, ó ní kí n tún un gbé sí i, kí n sì gbé e sókè kí àwọn ará òdìkejì títì lè gbọ́.